Ọṣẹ Tí Wọ́n Ń Jẹ ní Ugbuwangue

Ọṣẹ ni mo rò pé ó jẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Warri láti ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni. Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú bí àgbàrá, tí ọkùnrin tó bá ti lè gbé páìpù lé èjìká kò ní wáṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà bá mi gba yàrá kan ní Ugbuwangue, létí omi, nílé obìnrin Ìlàjẹ kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Ugbuwangue. Opó ni, ẹja ló ń yan tà. Ilé pákó ni ilé náà, orí òpó ló dúró lé, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí o bá fẹ̀yìn lélẹ̀, wàá máa gbọ́ omi lábẹ́ etí rẹ bí ẹni pé ẹnìkan ń rọra lá ọbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ wẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ọṣẹ díẹ̀." Ẹja ni wọ́n ń họ ìpẹ́ rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n na ọ̀bẹ sí ọ̀nà ibi ìdáná, wọ́n ní, "Ó wà lókè yẹn, nínú igbá."

Mo wọlé, mo gbójú sókè. Lórí àjà igi tó wà lókè iná, mo rí nǹkan dúdú roboto bíi mẹ́rìnlélógún tí wọ́n tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ọsàn ńlá. Níbi tí wọ́n ti bí mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọṣẹ dúdú ìyá bàbá mi ṣe máa ń rí: roboto, dúdú, èéfín ti bò ó lára. Ojú mi kò wá igbá kankan mọ́. Mo mú ọ̀kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo fi ra ara. Kò hó. Mo fi omi sí i. Kò hó. Dúdú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, funfun bí ẹfun yọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń ya wẹ́wẹ́ sí mi láyà. Mo rò pé bóyá ọṣẹ àwọn ará etí omi ni kì í tètè hó. Mo túbọ̀ tẹra mọ́ ọn.

Ìgbà náà ni ọmọ Màmá, Ìyábọ̀, gbé àwo wá sétí omi láti ṣan án. Ọmọ ogún ọdún ni. Omi tó ń ṣàn kúrò lára mi ló kọ́kọ́ rí, nítorí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ti pé síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ọṣẹ mi jẹ.

Ó dúró lẹ́yìn pákó tí mo fi bora, ó ní, "Bùọ̀dá, kí lẹ fi ń wẹ̀?"

Mo ní, "Ọṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ọṣẹ yín yìí kò hó."

Ó wo àwọn ẹja wẹ́wẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta: "Màmá o! Ẹ wá wo ará òkè! Ó ń fi pupuru wẹ̀ o!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé kejì yọjú, àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá dúró, wọ́n ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Màmá rí ohùn sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ kò kúrò létí mi títí di òní: "Ọma mi, fara balẹ̀. Bí kò bá hó lára rẹ, yóò hó nínú ìkòkò." Ọma ni àwọn Ìlàjẹ ń pe ọmọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jẹ́ ọma wọn.

Èyí tí mo fi wẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ló jẹ ẹ́. Màmá mú òmíràn sílẹ̀ lórí àjà. Wọ́n fi ọ̀bẹ fá dúdú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n gún un nínú odó kékeré, wọ́n jọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì dà á sínú omi tó ń hó. Bí wọ́n ṣe ń rò ó, òórùn kan dìde. Èéfín ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èéfín tó ń ta ojú. Ó dà bí òórùn aṣọ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn tí ẹja tútù wà nínú rẹ̀. Mo bu òkèlè kan. Ó fúyẹ́ ju ọkà ilé wa lọ, ó sì yọ̀ díẹ̀. Nígbà tó wọ ọ̀fun tán ni adùn èéfín yẹn padà wá sókè imú. Mo gbàgbé pé wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka ka òkèlè mi. Nígbà tí mo ṣan ọwọ́, ó ké sí gbogbo àdúgbò: "Mọ́kàndínlógún! Ọlọ́ṣẹ jẹ òkèlè mọ́kàndínlógún!"

Láti ọjọ́ náà, Ọlọ́ṣẹ ni orúkọ mi ní Ugbuwangue. Láti ọjọ́ náà ni pupuru sì ti mú mi, tí kò fi mí sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tẹ́ ẹ jókòó yìí, ilé tẹ́ ẹ bá wa ní Ugbolokposo kọ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jakpa Road, ẹ ó ra nǹkan nínú nálọ́ọ̀nù, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ lórí ìrìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kejì. Mi ò bá yín wí. Ayé tó dé bá ọmọ lọmọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, oúnjẹ ní ohùn. O máa ń gbọ́ ọ kí o tó rí i.

Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, tí iná gáàsì àwọn ilé iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ojú ọ̀run lọ́nà jíjìn, wàá kọ́kọ́ gbọ́ àjẹ̀ àwọn tó ń ti odò bọ̀, pọ́ún, pọ́ún, lára ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ: hárá, hárá, hárá. Gbogbo ilé etí omi ló ń fá pupuru lẹ́ẹ̀kan náà. Omi a gbé ohùn náà láti ilé kan dé èkejì, tó fi jẹ́ pé bí o bá dijú, wàá rò pé ohun kan ṣoṣo tó tóbi ló ń họ ara rẹ̀. Odó a tẹ̀ lé e. Ní ibi ìdáná, ẹja tí wọ́n tò sórí iná a máa ṣe ṣàà, ṣàà, bí ọ̀rá rẹ̀ ti ń kán. Àwọn ọmọ kì í dúró de kí wọ́n pè wọ́n; etí wọn ló ń mú wọn bọ̀ wálé.

Mo fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Èmi kò lọ sílé ìwé ju kíláàsì kẹfà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo máa ń tọ́ ọ dé gbòǹgbò. Nítorí náà ni mo ṣe lè sọ fún yín, láìfi ohunkóhun sílẹ̀, bí Màmá ṣe ń ṣe pupuru. Bí wọ́n bá ti bẹ gbáàgúdá tán, wọn a gé e ní gígùn àtẹ́lẹwọ́, wọn a kó o sínú àpò, wọn a so àpò mọ́ òpó ilé, wọn a jù ú sómi. Ọjọ́ mẹ́rin lásìkò òjò, mẹ́ta péré lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń dán an wò: bí àtàǹpàkò bá wọlé láìtì í, ó ti tó. Wọn a yọ okùn inú rẹ̀ kúrò, wọn a dì í sápò padà, wọn a gbé òkúta lé e di ọjọ́ kejì kí omi rẹ̀ lè ro tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń mọ ọ́n roboto láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọn a sì fi ìka méjì gbá a láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Orí àjà ló kàn, ọjọ́ márùn-ún gbáko lórí iná igi ẹ̀gbà, igi tí ń fi gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú omi bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè. Iná náà kì í jó, kì í sì í kú. Màmá ní bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni kí èèyàn máa ṣọ́ ọ.

Nísinsìnyí, jíjẹ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ là ń jẹun nílé Màmá. Láàárọ̀, gaàrí la máa ń mu, kí oníkálùkù tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán kò ní oúnjẹ; ẹni tí ebi bá pa a máa já ẹja yíyan kan jẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni oúnjẹ gan-an, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀. Abọ́ kan náà la jọ ń ki ọwọ́ bọ̀, àwa mẹ́fà tàbí méje, orí ẹní. Màmá á gbàdúrà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, àdúrà wọn sì gùn. Mùsùlùmí lèmi, màá ti ṣe "Bìsìmíláì" mi tán nínú ikùn, màá máa wo bí ooru ṣe ń kúrò lójú pupuru. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ jáde: "Màmá, ṣé Ọlọ́run kì í jẹun tútù ni?" Ìyábọ̀ fi ìgbúnwọ́ gún mi ní ẹ̀gbẹ́. Màmá kò lajú, wọ́n kàn fi kún àdúrà náà pé, "Kí o sì bá wa fún Ọlọ́ṣẹ ní sùúrù, Bàbá." Gbogbo ẹní ní, "Àmín!" Èmi náà ṣe é.

Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹja títí pupuru yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màmá ló ń pín in. Ẹ fetí sí àṣà yìí, nítorí mi ò rí i níbòmíràn rí. Níbi tí wọ́n ti bí mi, baálé ló ni orí ẹja. Nílé Màmá, orí ẹja wà fún ẹni tó bá rẹ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà. Wọn a gbé ojú wọn ká ẹní, wọn a máa wo wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan láìyára, bí ẹni tó ń yan ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà wọn a na orí ẹja: "Ìwọ ló rẹ̀ jù lónìí." Ó lè kan ọmọ ọdún méje tó pọn omi. Ó lè kan àlejò. Lọ́jọ́ Iléyá kan, mo gbé ẹran àgbò wá láti ilé àbúrò bàbá mi, mo ti dìde láti ìdájí, mo ti rìn káàkiri. Ó dá mi lójú pé tèmi ni. Màmá gbé e fún Ìyábọ̀ tó jókòó jẹ́jẹ́. Ó dorí kodò, ó bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé àárẹ̀ kan wà lára rẹ̀, àfi ìyá rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé bàbá oníbúrẹ́dì kan láti Effurun ti wá tọrọ rẹ̀, kò sì fẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi náà lọ bẹ Màmá. Wọ́n ní, "Ọlọ́ṣẹ, o ti wẹ̀ nílé wa ná. Kí ló tún kù?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ìyá àgbà yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí mi ò fẹ́ dé. Owó epo kò ya ibi kankan sílẹ̀. Mo ti di olórí àwọn tó ń jó irin fún agbaṣẹ́ṣe kan, owó oṣù mi ti di ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo èèyàn ń ra nǹkan. Ìrẹsì tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ ọdún di oúnjẹ ọjọ́ Túsìdeè. Sàdíìnì inú agolo dé ibi tí ẹja tútù ti ń fò nínú omi lábẹ́ ilé. A ń jẹ ẹja tó ti òkè òkun dé, ẹja tiwa ń wò wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ bẹ̀ mí wò, wọ́n gbọ́ òórùn èéfín lára aṣọ mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé inú ihò ìdáná lẹ̀ ń gbé ni?" Ojú tì mí. Ojú tì mí nítorí ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé. Ẹ bá mi rántí rẹ̀, kó má baà ṣe yín.

Mo ra kúkà gáàsì olójú mẹ́rin fún Màmá. Mo gbé e wá nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo Ugbuwangue pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àyè tí a ó gbé e sí ní ilé ìdáná, àfi ibi tí àjà wà. Èmi fúnra mi ni mo gun àga, mo fi òòlù tú u, igi kan lẹ́yìn èkejì. Èéfín ogún ọdún wà lára àwọn igi náà, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí ọ̀dà. Mo jù wọ́n sómi. Wọ́n léfòó lọ.

Màmá dúró, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "O ṣé, ọma mi. Ọlọ́run á fún ọ ní púpọ̀ sí i." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n se ìrẹsì lórí kúkà tuntun. Nígbà tí wọ́n pín ẹja, wọ́n wo ojú gbogbo wa, wọ́n sì na orí rẹ̀ sí mi. "Ìwọ ló rẹ̀ jù lónìí. O ṣiṣẹ́ gan-an." Mo jẹ ẹ́. Inú mi dùn. Èèyàn lè jẹ nǹkan kí ó má mọ ohun tó jẹ títí ogójì ọdún.

Kò pé oṣù kan tí òórùn èéfín fi kúrò nínú ilé. Màmá ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohùn ọ̀bẹ náà ń dín kù ní etí omi, ilé kan, ilé méjì, títí ìrọ̀lẹ́ kan fi dé tí mo tẹ́tí tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, àyàfi rédíò. Màmá kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyábọ̀ kò fi ẹnu rẹ̀ dá mi lẹ́bi rí. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ. Bí mo bá gbé ohun tuntun wọlé, ì báà ṣe fíríìjì, ì báà ṣe tẹlifíṣọ̀n, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bi mí pé, "Ọlọ́ṣẹ, ṣé ó hó?"

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti àsìkò òjò tó kọjá. Àìsàn náà lọ, ṣùgbọ́n ó kó ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ. Dókítà ní ara rẹ̀ ti dá, pé oúnjẹ ló kù, nítorí bí kò bá jẹun, oògùn kò ní rí ibi dúró sí. Ẹ ti se gbogbo nǹkan. Ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó ní, "Pupuru Màmá ni ẹnu mi ń fẹ́."

Mo sáré lọ sí Jakpa Road. Wọ́n ń tà á níbẹ̀, lílọ̀, funfun nini, nínú nálọ́ọ̀nù. Mo rò ó. Ó tọ́ ọ wò, ó sì rọra dá ọwọ́ padà. "Gbáàgúdá lásán ni èyí. Ẹ ṣé, Ọlọ́ṣẹ."

Ìgbà náà ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo so àjà sẹ́yìnkùlé wa níbí, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń mọ. Mo kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ọjọ́ tí gbáàgúdá lò nínú omi, ọjọ́ tó lò lábẹ́ òkúta, ọjọ́ tó lò lórí iná. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń kọ iye òkèlè tí Ìyábọ̀ jẹ, nítorí ìyẹn nìkan ni èsì tí mo ń wá. Ìgbà kìíní, òkèlè kan. Ó ní ó korò. Ìgbà kẹta, méjì. Ìgbà keje, mẹ́ta, inú mi dùn tí mi ò lè sùn ọ̀sán. Ìgbà kẹsàn-án, òdo. Òjò wọ àjà, gbogbo rẹ̀ hu. Ìgbà kejìlá ni mo tó rí igi ẹ̀gbà gidi rà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Ugbuwangue. Ó jẹ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, mẹ́rin ni. Kò lé, kò dín.

Tolú, ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ yẹn tó ò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o rántí ohun tó o sọ fún mi nígbà yẹn? "Gránpà, dis smoke too much o! Di neighbour don dey shout." Mo ní kó o lọ bẹ̀ wọ́n. O ní, "Wetin I go tell dem? Say my gránpà dey roast ball?" O bínú, ṣùgbọ́n o lọ. Ọlọ́run á bù kún ọ.

Nígbà tí mo ṣe ìkẹrìndínlógún, tí ó tún jẹ mẹ́rin, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Ó ń wò mí. Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Nǹkan kan ni kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń jẹ́." Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín gan-an. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo ní kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún ìwé àkọsílẹ̀ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tí mo gbàgbé. Gbogbo ohun tí ojú mi rí nílé Màmá ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo jókòó sórí àga lẹ́yìnkùlé, oorun sì ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin mọ irú oorun àgbàlagbà, tí èèyàn kì í sí níbí, tí kì í sì í sí lọ́hùn-ún. Omi wà lábẹ́ mi. Àjẹ̀ ń lu ọkọ̀. Ọ̀bẹ ń fá, hárá, hárá. Odó ń dún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: ṣàà. Ó dákẹ́. Ṣàà.

Mo jí. Mo dìde dúró. Ẹja!

Ẹ wò ó, ipele méjì ni àjà Màmá ní. Ẹja ń gbẹ ní ìsàlẹ̀, pupuru ń gbẹ lókè rẹ̀. Ọ̀rá ẹja ń kán sínú iná, iná ń sọ ọ́ di èéfín, èéfín ń gun òkè lọ bá pupuru. Ẹja ni iṣẹ́ Màmá. Kò sí ọjọ́ tí ẹja kò sí lórí iná wọn. Wọn kò sọ ọ́ fún wa nítorí wọn kò kà á sí nǹkan kan. Ta ní ń sọ fún èèyàn pé afẹ́fẹ́ wà nínú ilé? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi yan pupuru mi lórí iná tí kò gbóòórùn ẹja rí. Ojú mi ló ń kọ̀wé. Etí mi ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó bi etí léèrè.

Mo mọ mẹ́fà tuntun, mo so ipele kejì mọ́ àjà. Mo lọ sí Ugbuwangue láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo ra ẹja ṣawá tó sanra, ogójì. Ọjọ́ márùn-ún, mo ń pààrọ̀ ẹja bí ọ̀kan bá ti gbẹ tán, mo ń ṣọ́ iná bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ karùn-ún mo mú ọ̀kan sílẹ̀, mo fá a. Tolú sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ ohùn ọ̀bẹ náà láti inú ilé, ìyá àgbà òun tó dùbúlẹ̀ yí orí sí ojú fèrèsé.

Ìrọ̀lẹ́ àná nìyẹn. Mi ò gbé oúnjẹ lọ bá a lórí ibùsùn. Mo tẹ́ ẹní, a gbé e wá síbẹ̀, a fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Abọ́ kan náà ni a fẹ́ jọ ki ọwọ́ bọ̀. Mo da pupuru náà sínú omi tó ń hó níwájú rẹ̀, mo rò ó. Bí òórùn rẹ̀ ti dìde, ó dijú. Ó gbàdúrà, àdúrà gígùn bíi ti ìyá rẹ̀, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ó bu òkèlè kìíní. Ó gbé e mì. Ó dúró pẹ́, ó ń dúró de ohun tó máa ń padà wá sókè imú. Mo bi í léèrè. Èmi ni mo bi í lọ́jọ́ yìí.

"Ìyábọ̀, ṣé ó hó?"

Ó ní, "Ó hó."

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ ló gbájú mọ́. Nígbà tó yọwọ́, ó fa abọ́ ọbẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó já orí ẹja, ó wo Tolú lójú, ó wo èmi náà lójú, láìyára. Ó na orí ẹja náà sí mi. "Ìwọ ló rẹ̀ jù."

Mo jẹ ẹ́, mo sì mọ ohun tí mò ń jẹ lọ́jọ́ yìí. Mo ṣan ọwọ́. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: ìgbà kẹtàdínlógún, òkèlè mọ́kànlá. Ó ku mẹ́jọ kó tó bá mọ́kàndínlógún tèmi.